Owó Elective Ìwádìí Lókè Òkun: Ìtọ́sọ́nà fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn ní Abuja àti Òkè Ọya

Ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ṣí Google, wọ́n á wá sikọ́láṣíìpù tó ń san gbogbo owó, wọ́n á rí ojú ìwé rẹpẹtẹ, wọ́n á sì fi oṣù mẹ́ta kọ fọ́ọ̀mù tí kò kàn wọ́n. Owó máàsítà àti owó elective (àkókò kúkúrú tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi ń lọ kọ́ṣẹ́ níbi tó bá yàn) kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ ni elective sábà máa ń jẹ́, àjọ ńlá tó ń sanwó ọdún méjì kì í sì da ara rẹ̀ láàmú nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ọwọ́ mẹ́ta ni owó elective wà. Àkọ́kọ́ ni ilé ìwádìí tó ní ètò tirẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ àlejò, tó ń san ilé, ọkọ̀ àti owó àpò. Ìkejì ni ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, tó ń gbé ìdajì ẹrù náà. Ìkẹta ni owó kéékèèké láti ibí àti ibẹ̀, tí wàá so pọ̀ bí ẹní ń rán aṣọ. Nínú ọ̀nà ìkẹta, ẹni tó ti mú lẹ́tà ìgbàlejò lọ́wọ́ ni wọ́n ń dá lóhùn. Nítorí náà, wá àyè kó o tó wá owó. Bí o bá fẹ́ rìn ní oṣù Keje, oṣù Keje ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni kó o bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan lè gba oṣù méje, a ó débẹ̀.

Wọ́ọ̀dù tàbí ìwádìí?

Elective wọ́ọ̀dù ni pé o ń tẹ̀lé dókítà lọ sọ́dọ̀ aláìsàn. Elective ìwádìí ni pé o wà ní láàbù, tàbí nídìí kọ̀ǹpútà tí o ń to ìsọfúnni, tàbí ní ìgboro pẹ̀lú àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá ará ìlú lẹ́nu wò. Ti wọ́ọ̀dù le jù fún wa. Ilé ìwòsàn á béèrè ìdójútòfò bí o bá ṣe aláìsàn ní jàǹbá, á béèrè owó ìforúkọsílẹ̀, òfin físà sì lè má gbà kó o fọwọ́ kan aláìsàn rárá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (UK), físà àlejò gba akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn láyè láti wá ṣe elective, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gba owó iṣẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ tọ́jú aláìsàn. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ tó rò pé òun máa gún abẹ́rẹ́, ẹ̀yìn ògbẹ́ni dókítà ni yóò dúró sí títí ọ̀sẹ̀ á fi parí.

Ìwádìí ní tirẹ̀ ní iṣẹ́ gidi tó o lè ṣe parí, orúkọ rẹ sì lè wọ ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ jáde. Òun náà ló ní owó jù. Kọ ọ́ sí gbogbo lẹ́tà rẹ pé elective ìwádìí ni, pé kò ní aláìsàn nínú. Gbólóhùn kan yẹn máa ń dín ìbéèrè kù.

Ẹni tó lè kọ fọ́ọ̀mù: ìlà tí wàá kọ́kọ́ kà

Kó o tó ka iye owó, ka ìlà tó sọ ẹni tí ètò náà wà fún. Nǹkan méjì ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ Nàìjíríà: orílẹ̀-èdè tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ wà, àti irú ọdún tí o wà. Orúkọ tó ń lọ kiri lórí WhatsApp pọ̀ tó jẹ́ pé kò kàn wá:

- Amgen Scholars ti Amẹ́ríkà: ọmọ onílùú àti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú níbẹ̀ nìkan. Ti Yúróòpù: ẹni tó ń kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ àdéhùn Bologna, tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe lórí ẹ̀kọ́ gíga.
- DAAD RISE Germany: akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà, Kánádà, Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland.
- Mitacs Globalink ti Kánádà: orílẹ̀-èdè tó bá àjọ náà ṣàdéhùn nìkan, Nàìjíríà kò sí nínú wọn.
- Turing Scheme: akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jáde ló wà fún, kì í ṣe fún ẹni tó ń wọlé.
- PTDF àti TETFund nílé níbí: àkọ́kọ́ jẹ́ ti epo rọ̀bì, èkejì jẹ́ ti òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba. Akẹ́kọ̀ọ́ MBBS tó ń wá owó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò sí nínú ìwé wọn.

Àwọn tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè kò pọ̀ tó ti òkè yìí, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Yunifásítì OIST ní Okinawa, ní Japan, ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti ibi gbogbo fún iṣẹ́ láàbù tí kò ju oṣù 6 lọ. Wọ́n ń san ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, wọ́n ń ràn ọ́ lọ́wọ́ lórí ilé, wọ́n sì ń fúnni lówó àpò. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń ti fọ́ọ̀mù, ní nǹkan bí àárín oṣù Kẹrin àti àárín oṣù Kẹwàá. Vienna BioCenter ní Austria ní ètò ẹ̀ẹ̀rùn wọn ní oṣù Keje àti Kẹjọ, ìparí oṣù Kìíní sì ni wọ́n sábà máa ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ilé ìwádìí ISTA, tó wà lẹ́bàá Vienna, náà ní tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ISTernship, ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì pọ́ńbélé ni: ọpọlọ, jíìnì, kòkòrò àrùn. Bí ọkàn rẹ bá wà lórí ìlera ará ìlú, má lọ síbẹ̀.

Yunifásítì KAUST ní Thuwal, lẹ́bàá Jeddah ní Saudi Arabia, ní ètò VSRP fún akẹ́kọ̀ọ́ àlejò tó fẹ́ ṣèwádìí: owó àpò $1,000 lóṣù, ilé ọ̀fẹ́, ìdójútòfò ìlera àti owó físà. Ó dára gan-an, àmọ́ ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, oṣù 3 ó kéré tán ni, elective rẹ kò sì lè gùn tó bẹ́ẹ̀ àfi bí ilé ẹ̀kọ́ rẹ bá fọwọ́ sí ìsinmi. Ìkejì, wọ́n ń béèrè GPA tó tó 3.5 nínú 4, MBBS Nàìjíríà kì í sì í ní GPA. Ọ̀pọ̀ á fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, kọ̀ǹpútà á sì dá fọ́ọ̀mù wọn padà. Gba lẹ́tà láti ọ́fíìsì ìdánwò pé MBBS kì í lo GPA, kí lẹ́tà náà sọ máàkì tí a fi ń yege (50 nínú 100 ni ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́), èyí tí a fi ń gba distinction, àti ipò tí o wà nínú kíláàsì. Kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì ètò náà kó o tó kún fọ́ọ̀mù, kí wọ́n sọ ohun tí wàá kọ síbẹ̀. Lẹ́tà yìí máa wúlò fún ọ níbi gbogbo, nítorí náà gba ẹ̀dà mẹ́ta.

IFMSA: ọ̀nà tí àwọn ará ilé kì í kà sí

IFMSA, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951, ní apá kan tí wọ́n ń pè ní SCORE. Ìwádìí nìkan ni SCORE wà fún. Ti wọ́ọ̀dù ni SCOPE. NiMSA ni ọmọ ẹgbẹ́ náà ní Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni. Ilé ẹ̀kọ́ tó gbà ọ́ kò gbọ́dọ̀ gba owó ẹ̀kọ́, wọ́n á fún ọ ní ilé, wọ́n á sì fún ọ ní oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ó kéré tán. Ọkọ̀ òfuurufú, físà, ìdójútòfò àti oúnjẹ tó kù, tìrẹ ni.

Bó ṣe ń lọ rèé. Nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ilé ẹ̀kọ́ rẹ, wá ẹni tó ń jẹ́ LORE, òun ló ń bójú tó pàṣípààrọ̀ ìwádìí. Bí kò bá sí, kọ sí NORE ti NiMSA, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún gbogbo orílẹ̀-èdè, kó o sì béèrè bí ilé ẹ̀kọ́ rẹ ṣe lè ní ọ̀kan. Àyè tó wà lọ́dún kan dá lórí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè bá ara wọn ṣe: bí wọ́n bá gba ọmọ wa kan, àwa náà gbọ́dọ̀ gba tiwọn kan. Ibi tó ti máa ń wọ́ nìyẹn ní Òkè Ọya. Àlejò ń bẹ̀rù ìròyìn ààbò, wọn kì í wá, àyè tiwa á sì dín kù. Àdéhùn oníhà kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sanwó dípò kó gba àlejò; béèrè iye rẹ̀ kó o tó yọ̀. Ẹni tó bá ran LORE lọ́wọ́ láti gba àlejò kan ní Abuja tàbí Ìlọrin, ó ti ṣí àyè sílẹ̀ fún ara rẹ̀ nìyẹn.

Erasmus+ náà wà, lábẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní KA171, ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ kò lè dá kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ gbọ́dọ̀ ti bá ti Yúróòpù ṣàdéhùn. Lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí àjọṣe pẹ̀lú òkèèrè, béèrè ohun kan péré: "Ilé ẹ̀kọ́ wo ní Yúróòpù la bá ní àdéhùn Erasmus tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣé ẹ̀ka ìṣègùn sì wà nínú rẹ̀?" Àdéhùn lè wà nílẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọ́ nípa rẹ̀.

Òkèèrè tó sún mọ́lé

Òkèèrè kì í ṣe London nìkan. Àwa tí a ń kọ ìtọ́sọ́nà yìí gbà pé ẹni tí owó bá ṣòro fún, ibi tí kò nílò físà ni kó kọ́kọ́ wò. Ọmọ ECOWAS lè wọ Ghana tàbí Gambia láìsí físà, kó gbé ibẹ̀ fún ọjọ́ 90. Ilé ìwádìí MRC tó wà ní Fajara ní Gambia ti wà láti 1947, ó sì wà lábẹ́ LSHTM, ilé ẹ̀kọ́ ìlera ti London, láti 2018. Ibà, kòkòrò àrùn ọmọdé àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n mọ̀ jù. Ní Legon ní Accra, Noguchi Memorial Institute wà láti 1979. Kumasi ní ilé ìwádìí KCCR, Kintampo náà ní ilé ìwádìí ìlera tirẹ̀. Ní ìlà oòrùn, ilé ìwádìí KEMRI-Wellcome wà ní Kilifi ní Kenya láti 1989.

Lórúkọ, láàbù àti ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ jáde, àwọn wọ̀nyí kò kéré sí ti òyìnbó. Owó tí físà àti ọkọ̀ òfuurufú Yúróòpù máa jẹ lè bọ́ ọ ní Accra fún oṣù kan. Ṣùgbọ́n láàbù lè béèrè owó ohun èlò. Béèrè pé kí wọ́n yọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ECOWAS. Ẹni tí kò béèrè ni wọ́n ń gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Má gbàgbé káàdì àjẹsára ibà pọ́njú. Ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì náà ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, títí ayé sì ni. Gbà á lọ́wọ́ Port Health, má rà á lọ́wọ́ ẹni tó jókòó síwájú ọ́fíìsì. Hideyo Noguchi, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ìwádìí Accra yẹn, ibà pọ́njú tó ń ṣèwádìí lé lórí ló pa á ní Accra lọ́dún 1928.

Lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa gbà ọ́

Iṣẹ́ tó wà níbí ju ti fọ́ọ̀mù owó lọ. Irú lẹ́tà tí kì í rí èsì ni: "Ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀wọ́n, mo nífẹ̀ẹ́ sí ìwádìí púpọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí sí láàbù yín." Ọ̀jọ̀gbọ́n ń rí irú rẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sọ ìgbà, kò sọ iṣẹ́, kò sọ ẹni tó máa sanwó.

Èyí tó ń rí èsì kò ju ọ̀rọ̀ 200 lọ. Àkọlé rẹ̀ ní ọdún tí o wà, kókó ìwádìí àti ọjọ́: ọdún karùn-ún MBBS, àrùn yìírùnyìírùn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti oṣù Keje. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ sọ ẹni tí o jẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ rẹ. Ìkejì tọ́ka sí ìwé kan tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà kọ láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn àti ìbéèrè kan tó sọ sí ọ lọ́kàn. Ìkẹta sọ ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe: R tàbí Stata (fún ìṣirò), REDCap (fún kíkó ìsọfúnni jọ), PCR (àyẹ̀wò jíìnì ní láàbù), tàbí bí a ṣe ń fọ̀rọ̀ wá ìyálọ́mọ lẹ́nu wò ní Hausa. Ìkẹrin sọ pé ìwọ ni wàá wá owó ọkọ̀, ó sì béèrè bóyá láàbù lè gbé ilé tàbí owó ohun èlò. Fi ìwé ojú kan nípa ara rẹ sí i, àti lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ rẹ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìbéèrè tí o ní ní Sokoto, Kano tàbí Maiduguri, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ London kò ní in. Àárín ilẹ̀ yìírùnyìírùn la wà, Nàìjíríà sì ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó lo abẹ́rẹ́ Men5CV, ní oṣù Kẹrin 2024. Noma, àrùn tó ń jẹ ẹnu àti ojú ọmọdé, tí WHO fi kún àrùn tí a pa tì ní oṣù Kejìlá 2023, ilé ìwòsàn tí wọ́n dìídì kọ́ fún un wà ní Sokoto. Abúlé Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀, lọ́dún 1969. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀kan nínú wọ̀nyí máa ka lẹ́tà akẹ́kọ̀ọ́ tó ti rí aláìsàn rẹ̀ lójúkojú.

Kọ sí ogún ènìyàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú lẹ́tà tirẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, rán lẹ́ẹ̀kan sí i, kó o wá fi wọ́n sílẹ̀. MANSAG, ẹgbẹ́ dókítà Nàìjíríà ní Gẹ̀ẹ́sì, lè tọ́ka sí ẹni tó lè gbàlejò. Bí o bá ń kọ sí ọ̀kan nínú wọn, kí i bí ọmọ Yorùbá ṣe ń kí àgbà kó o tó dé orí ọ̀rọ̀, kódà nínú ímeèlì. Àwọn àgbà yẹn kì í gbàgbé ẹni tó kí wọn dáadáa.

Nígbà tí èsì bá dé, gba lẹ́tà ìgbàlejò tó ní: orúkọ rẹ bó ṣe wà nínú páàsípọ́ọ̀tù, ọjọ́ tí o máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí o máa parí, iṣẹ́ tí o máa ṣe, pé kò sí owó iṣẹ́, pé kò sí ìtọ́jú aláìsàn, àti ohun tí wọ́n máa san. Bí wọn kò bá máa san nǹkan kan, kí wọ́n kọ ìyẹn náà.

Ìwé ilé ẹ̀kọ́ rẹ, àti orúkọ rẹ

Wàá nílò lẹ́tà Próvóòsì tàbí Díìnì pé elective wà nínú ètò ẹ̀kọ́ MBBS, pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, pé ìwà rẹ dára, àti ọdún tí o máa gboyè. Ibi tó ti ń pẹ́ ni pé ọ́fíìsì kò sí lójú kan. Ní Zaria, wàá máa sáré láàárín Samaru àti Shika. Ní Abuja, láàárín ọgbà ńlá ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú àti Gwagwalada. Kọ lẹ́tà náà fúnra rẹ, tẹ̀ ẹ́ sórí fláàṣì, kó o sì fún akọ̀wé pé, "Ẹ ṣàtúnṣe rẹ̀, mà." Èyí ń dín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kù sí ọjọ́ mẹ́ta.

Ìyanṣẹ́lódì lè sún ìdánwò rẹ. Má fún olùgbàlejò ní ọjọ́ kan ṣoṣo; fún un ní oṣù méjì tí o lè wá nínú rẹ̀, má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé sún.

Orúkọ wá ńkọ́? Èyí ń dá ọmọ Yorùbá lóró ju ẹnikẹ́ni lọ. Páàsípọ́ọ̀tù ní Oluwaseun, ìwé JAMB ní Seun, ilé ẹ̀kọ́ kọ ọ́ ní Oluwa-Seun, NIN sì fi orúkọ bàbá ṣáájú. Òṣìṣẹ́ físà rí ènìyàn mẹ́rin. To gbogbo wọn sórí tábìlì lónìí, fi ti páàsípọ́ọ̀tù ṣe òdiwọ̀n, kó o bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láti NIN. Èyí tí kò bá ṣeé tún ṣe kíákíá, gba ìwé ìbúra ní kóòtù sí i. Owó páàsípọ́ọ̀tù ti di ₦100,000 fún ti ọdún 5, ₦200,000 fún ti ọdún 10, láti oṣù Kẹsàn-án 2025. Fi í sínú ìṣirò rẹ.

Abẹ́rẹ́, sáfíkéètì, àti ohun tí kò yẹ kó o gbé lọ

Abẹ́rẹ́ hepatitis B jẹ́ mẹ́ta: lónìí, lẹ́yìn oṣù 1, lẹ́yìn oṣù 6. Oṣù kan sí méjì lẹ́yìn èyí tó gbẹ̀yìn ni wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, anti-HBs (èròjà ààbò inú ẹ̀jẹ̀) sì gbọ́dọ̀ tó 10 mIU/mL. Ka àwọn oṣù náà: méje tàbí mẹ́jọ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta fún ìrìn àjò oṣù Keje ti pẹ́. MMR méjì (fún measles, mumps àti rubella) àti varicella (fún chickenpox) náà wà nínú ohun tí ilé ìwòsàn òkèèrè máa ń béèrè.

Ní ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, BCG tí wọ́n fún wa lọ́mọ ọwọ́ lè mú kí àyẹ̀wò Mantoux wú bí ẹni pé o ní àrùn náà. Béèrè fún IGRA, tó jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, BCG kì í tàn án jẹ. Bí wọ́n bá tẹnu mọ́ Mantoux, tó sì wú, ẹ̀rọ ayàwòrán àyà ló kàn.

Sáfíkéètì GCP (ìlànà ṣíṣe ìwádìí ìṣègùn lórí ènìyàn) ti The Global Health Network kò gba owó, TRREE, tó jẹ́ ẹ̀kọ́ ìwà ìwádìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, náà kò gba owó, ó sì ní apá tó jẹ́ ti òfin Nàìjíríà. Ṣe méjèèjì ní òpin ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n máa ń mú kí ọ̀jọ̀gbọ́n gbà pé o mọ ohun tí o ń sọ.

Bí iṣẹ́ rẹ bá fẹ́ lo ìsọfúnni aláìsàn láti ilé ìwòsàn rẹ, o gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ìgbìmọ̀ ìwà ìwádìí ilé ìwòsàn náà, lábẹ́ ìlànà NHREC, ìgbìmọ̀ ìwà ìwádìí ìlera ti ìjọba àpapọ̀. Má kó fáìlì aláìsàn sórí fláàṣì ní Shika kó o wá ṣí i ní Vienna. Òfin ààbò ìsọfúnni 2023 ń bẹ. Ẹ̀jẹ̀ tàbí èròjà ara kò gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ láìsí àdéhùn tí ilé iṣẹ́ méjèèjì fọwọ́ sí.

Bí a ṣe ń so owó pọ̀

Ya ìlà mẹ́ta sórí bébà: ohun tí owó máa ṣe, iye rẹ̀ ní owó ilẹ̀ ibẹ̀, ẹni tó máa san án. Wo SCORE ní orílẹ̀-èdè Schengen (àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó ń lo físà kan náà) fún ọjọ́ 28. Ilé: olùgbàlejò. Oúnjẹ kan lójúmọ́: olùgbàlejò. Oúnjẹ méjì tó kù, tó jẹ́ 56: ìwọ. Físà: €90, ìwọ. Ìdójútòfò tó gbé €30,000 ó kéré tán: ìwọ. Ọkọ̀ ojoojúmọ́, tíkẹ́ẹ̀tì, ìrìn Abuja sí Èkó bí ẹ́ḿbásì bá jẹ́ ti Èkó: ìwọ. Má kọ ọ́ ní náírà títí dé ọjọ́ tí o máa fi ránṣẹ́, nítorí náírà lè yí padà láàárín oṣù mẹ́ta. Fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un.

Ìlà kẹta ni wàá gbé lọ bá ènìyàn. Má ṣe tọrọ gbogbo owó lọ́wọ́ ẹni kan. Lọ sọ fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde pé tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù, sọ fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ ní Abuja pé físà àti ìdójútòfò nìkan ni. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tó ń pàdé lọ́jọ́ Àìkú ní Kano, Kaduna àti Abuja máa ń dá owó, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ rí lẹ́tà ìgbàlejò, wọ́n sì fẹ́ kí o dìde níwájú wọn. Béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ sikọ́láṣíìpù ìpínlẹ̀ rẹ pẹ̀lú. Ìpínlẹ̀ tí o ti wá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tí o ti ń kàwé.

Ní ti ìwádìí fúnra rẹ̀, RSTMH, ẹgbẹ́ ìṣègùn ilẹ̀ olóoru ti London, ń fún olùwádìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní owó tó lè tó £5,000 fún iṣẹ́ tí kò ju ọdún kan lọ. Iṣẹ́ ló ń sanwó fún, kì í ṣe ìrìn àjò ṣákálá. Nítorí náà, iṣẹ́ tó ní ìbẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà tó sì parí ní láàbù òkèèrè ni kó o kọ sí i, kí olùgbàlejò rẹ sì ti fọwọ́ sí i.

Físà

Amẹ́ríkà: ìkéde tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026 ti dá físà B (àlejò), F àti M (akẹ́kọ̀ọ́) àti J (pàṣípààrọ̀) dúró fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Wo ojú ìwé ẹ́ḿbásì wọn kó o tó san kọ́bọ̀ kan fún ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì: físà àlejò oṣù 6 di £127 ní oṣù Kẹrin 2025; àwọn kókó ìwádìí kan nílò ATAS, ìwé àṣẹ ààbò ìjọba wọn, béèrè lọ́wọ́ olùgbàlejò. Schengen: kọ ọ́ láàárín oṣù 6 sí ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn, páàsípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù 3 lẹ́yìn ọjọ́ tí o máa padà. Àwọn orílẹ̀-èdè kan kì í gba ìwé ní Abuja, Èkó ni wọ́n ti ń gbà á, àyè ìpàdé sì máa ń kún ṣáájú ẹ̀ẹ̀rùn.

Owó tó ń mú kí wọ́n fi físà du ọmọ wa jù ni èyí tó já wọ báǹkì lójijì. Bàbá kó mílíọ̀nù mẹ́ta sí àpò ọmọ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, òṣìṣẹ́ físà gbà pé owó yíyá ni. Jẹ́ kó wà ní àpò bàbá, kí bàbá kọ lẹ́tà, kó fi àkọsílẹ̀ báǹkì oṣù mẹ́fà àti ìwé iṣẹ́ rẹ̀ sí i. Èyí tí ẹgbẹ́ ìlú dá, kí wọ́n kọ lẹ́tà tó ní iye owó, kí àwọn méjì fọwọ́ sí i.

Ejẹ́ǹtì tó ní òun lè gba àyè láàbù fún ọ, má dá a lóhùn. Kò sí ilé ìwádìí tó ń gba owó sí àpò ẹnìkan, ímeèlì wọn sì ń wá láti orúkọ ilé iṣẹ́ náà, kì í ṣe Gmail.

Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn níbẹ̀, kó o tó di ẹrù, mú fọ́ọ̀mù ìdíwọ̀n tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ fún ọ jáde, kí ọ̀jọ̀gbọ́n buwọ́ lù ú kó sì tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn lójú rẹ. Lẹ́yìn tí o bá ti padà dé Gwagwalada, ọ̀jọ̀gbọ́n á wà ní ìsinmi, ímeèlì rẹ á sì di ọ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún.